Ìmọ́lẹ̀ Ni Ọmọ Yìí Nílò

Gbogbo Yorùbá ló ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe òṣùpá, tó ń fi pe ọgbọ̀n ọjọ́, tó ń fi pe nǹkan obìnrin, tó sì ń fi pe owó tí ọ̀gá ń san fún òṣìṣẹ́. Oṣù. Bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ ní Àkúrẹ́ nìyẹn, a kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní Oǹdó, nínú agbo ilé tí mo fẹ́ ọkọ sí, ẹni tó bá fẹ́ pe oṣù á kọ́kọ́ fi ìka mẹ́ta kan iwájú orí rẹ̀. Kódà bó jẹ́ owó oṣù ló fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ọkọ mi ló ń ráhùn pé ọ̀gá òun ní sọ́ọ̀míìlì kò tíì sanwó oṣù tó kọjá, kò sì tíì san ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ó wá ń fọwọ́ gbá iwájú orí bí ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Olóṣù ni àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n. Àwọn fúnra wọn kì í pe ara wọn ní nǹkan kan. Bí o bá bi wọ́n pé ẹ̀sìn wo lẹ̀ ń ṣe, wọ́n á ní, "À ń wò ó," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọn ò ju nǹkan bí ogún ilé lọ, gbogbo wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn oko kòkó, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí gbayawu sí ìhà ìwọ̀ oòrùn.

Ìyá tó bí mi, tó ń ránṣọ lẹ́bàá Ọjà Ọba, tí kì í jẹ ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kankan, nígbà tó gbọ́ irú ilé tí mo fẹ́ lọ, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Oṣù kẹ̀? Ṣé kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Rárá, mo kàn ń béèrè ni. Kí n lè mọ èyí tí mo máa rà bí mo bá ń bọ̀ wá kí ẹ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bẹ nílé."

Kí n má parọ́, mi ò bá nǹkan burúkú kankan níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí pé àwọn tí mo bá sọ ọ́ fún ní Àkúrẹ́ máa ń fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àti òkùnkùn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí òkùnkùn. Irọ́lẹ́ tí oṣù tuntun bá máa lé, kò sẹ́ni tó ń tan àtùpà. Gbogbo wa á jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, àtọmọdé àtàgbà, ìyàwó ilé á gbé ọmọ sẹ́yìn. Bàbá Olùwòye, àgbàlagbà wọn, á dúró lórí òkúta kan níwájú, á kọjú síbi tí oòrùn wọ̀ sí. Bó bá ti rí i, á pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àwa náà á pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé á sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àdúgbò, "Oṣù lé o! Oṣù lé o!" Bí ẹni méjì bá ń jà nínú oṣù tó kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ ti parí rẹ̀ kí Bàbá tó gun òkúta. Mo ti rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń du ààlà ilẹ̀, tí wọ́n jókòó ti ara wọn tí wọ́n ń jẹ iṣu kan náà. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó yí wa ká, tí wọ́n ń bú wa ní gbangba, àwọn ni wọ́n ń wá bi Bàbá lẹ́yìnkùlé pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ mélòó ló kù kó tó lé? Mo fẹ́ gbin àgbàdo."

Oúnjẹ sì ń bẹ. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti oúnjẹ. Àwọn ọdún yẹn, gáàrì tí à ń rà ní kóńgò, a ti ń rà á ní ife. Epo ẹ̀rọ wọ́n ju pákó tí ẹ̀rọ ń là lọ, sọ́ọ̀míìlì dákẹ́, ọkọ mi sì kó aṣọ méjì sínú báàgì, ó lọ bá àwọn tó ń gé igi ní ìhà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Oyún mi kò tíì yọ nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ kan tí mo sùn láìjẹun. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Abọ́ iṣu ni, ẹ̀wà ni, ẹ̀kọ ni, ẹnì kan á gbé e sílẹ̀, kò ní dúró gba ọpẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ń pọnmi tí mo fi ń wẹ̀. Ó ń pe ikùn mi ní "Àlejò," ó ń kí i láràárọ̀ kó tó kí mi. "Àlejò, ṣé dáadáa lo jí? Ìyá rẹ náà ńkọ́?"

Òfin kan ló wà fún ọmọ tuntun. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀, ti oṣù ni. Kò gbọdọ̀ jẹ́ oòrùn, kò gbọdọ̀ jẹ́ àtùpà. Bí wọ́n bá bí i, inú yàrá ló máa wà. Bí wọ́n bá sì ní láti gbé e jáde, aṣọ funfun ni wọ́n á fi bò ó lójú. Irọ́lẹ́ tí oṣù bá lé ni ìyá bàbá rẹ̀ á gbé e sókè, á ṣí aṣọ, á ní, "Wò ó, ó ń wò ọ́." Àfihàn nìyẹn. Ìgbà náà ni wọ́n á tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ọmọbìnrin ni mo bí. Agbẹ̀bí kan nínú wọn ló gbẹ̀bí mi, ìrọbí náà kò le. Inú ìyá ọkọ mi dùn gan-an nítorí pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí oṣù lé. "Kò ní pẹ́ nínú òkùnkùn rárá," ó ní. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ó mọ ìgbà tó ń bọ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń fún un lọ́yàn nínú yàrá tó ṣókùnkùn, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo fà á sún mọ́ ojú fèrèsé tí wọ́n ta aṣọ sí. Funfun ẹyinjú rẹ̀ kò funfun. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí inú ìbẹ́pẹ. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó ní ọmọ pupa ni, bàbá òun náà pupa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, kò fẹ́ jí mu ọyàn mọ́. Èmi ni mo sunkún tí a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ. Ìyá ọkọ mi ké "Hẹ́ẹ̀!" ó fi ara rẹ̀ dí ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ, ó gbé ìka kúrò, ó tẹ àyà rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó pé ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin lónìí."

"Ibà pọ́njú ni. Ó sì ti dé ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú bá yín ní Oǹdó, ẹ gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n á gbé e sábẹ́ iná. Àwa ò ní ẹ̀rọ yẹn níbí."

"Sábẹ́ kí ni?" ìyá ọkọ mi bi í.

"Iná, Màmá."

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ fẹ́ gbé e sábẹ́ iná? Ṣé iṣu ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ọmọdé ló kàn jẹ́. "Màmá, kì í ṣe iná tí ẹ fi ń dáná. Kò gbóná. Iná mọ̀nàmọ́ná ni, ó dà bíi búlúù. Wọ́n á bo ojú ọmọ, wọ́n á tàn án sí i lára, á fọ ibà yẹn kúrò." Ó rí i pé ojú ìyá ọkọ mi ṣì le. Ó wá ọ̀rọ̀ míì tó rọ̀. "Ìmọ́lẹ̀ ni, Màmá. Ìmọ́lẹ̀ ni ọmọ yìí nílò."

Mo rí i bí èjìká ìyá ọkọ mi ṣe wálẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀. Kíákíá."

"Ìwọ lo sọ ọ́ o."

"Èmi ni mo sọ ọ́, Màmá."

"Kó tàn fún ìwọ náà, ọmọ mi." Ó fi ìka mẹ́ta kan iwájú orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rò pé àmì àgbélébùú ló ṣe, ó ní "Àmín." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ìyá Ìkókó, ó yé ẹ, àbí?"

Mo mi orí. Ó yé mi. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ kọ́ ni èyí tí ìyá ọkọ mi gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n níbi tí mo jókòó sí, kí a tó dìde. Orí ọ̀kadà tó gbé wa padà, èmi láàárín, ọmọ láyà mi, ìyá ọkọ mi lẹ́yìn, ó ń sọ ọ́ sí mi létí lórí ariwo ẹ̀rọ: "O gbọ́? Oníwèé ni o, kì í ṣe ara wa. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀! Ó ku ọjọ́ méjì péré."

Mo dákẹ́.

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ìyá mi, fún àlùfáà, fún ara mi. Mo lè sọ pé ọkọ mi kò sí nílé. Ó jẹ́ òótọ́, nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ohun tí Màámi bá ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é. Àwọn ló tọ́ mi." Mo lè sọ pé mi ò lówó mọ́tò. Irọ́ ni, ǹ bá tọrọ rẹ̀, ìyá mi ì bá fi ránṣẹ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti jẹ iṣu wọn fún oṣù mẹ́fà. Obìnrin tó ń kí ikùn mi láràárọ̀ ló jókòó lẹ́yìn mi tó ń yọ̀. Mi ò fẹ́ jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ tó kàwé tó wá sọ fún un pé ohun tó gbà gbọ́ láti kékeré, kò lè wo ibà. Mo ní, ọjọ́ méjì ni. Kí ni ọjọ́ méjì? Àti pé, kí n sọ èyí tó kù: apá kan nínú mi fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyà ti jẹ wá tó lọ́dún yẹn, mo fẹ́ kí ohun kan wà lókè tó ń wò wá.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìbẹ̀rù jí mi. Ilẹ̀ ti mọ́, ìyá ọkọ mi ti lọ sí odò. Mo ká aṣọ fèrèsé sókè, mo bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, mo gbé e sínú oòrùn àárọ̀. Mo rántí pé ẹnì kan ní Àkúrẹ́ sọ rí pé oòrùn náà ń ṣe díẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo fi ọwọ́ bò. Mi ò tíì ka ọgọ́rùn-ún tán nígbà tí mo gbọ́ tí korobá omi balẹ̀ lẹ́yìn mi.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wá, ó ta aṣọ padà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó fi ìró ara rẹ̀ dì í. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọjọ́ kan ló kù, ìyàwó mi. Ọjọ́ kan. O ò lè bá mi dúró ọjọ́ kan?"

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Kì í ṣe èmi. Bẹ òun."

Mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ ọjọ́ márùn-ún pé mo gbé e sínú oòrùn.

Ní ọjọ́ kẹfà, gbogbo wa jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú ọ̀run sì ṣú dẹ̀dẹ̀. Òjò kò rọ̀, àwọ̀sánmà kò sì ṣí. A padà sílé. Mo fi fóònù wò ó. Mo ní, "Màámi, fóònù ní ó ti lé."

"Ṣé fóònù ló máa gbé e sókè?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò mu ọyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń fún wàrà sí i lẹ́nu, ó ń ṣàn jáde.

Ní ọjọ́ keje, ojú ọ̀run mọ́. Oòrùn wọ̀. Mo ti ń wò ó kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti wá nǹkan lójú ọ̀run rí bí mo ṣe wá a nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo rí i. Ó tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé sọnù, lókè igi ọ̀pẹ kan. Mo rí i, mo sì rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó níwájú mi náà rí i, nítorí pé wọ́n ń fi ìgbúnwọ́ gbún ara wọn. Bàbá Olùwòye dúró lórí òkúta. Ó dúró. Ó dúró. Kò pàtẹ́wọ́.

Ojú Bàbá ti ń lọ. Gbogbo wa mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ kan. Òfin sì ni pé kò sẹ́ni tó ń rí oṣù ṣáájú Olùwòye.

Mo fà mọ́ ìyá ọkọ mi. "Màámi, mo rí i. Ó wà lókè ọ̀pẹ yẹn."

"Ṣé Bàbá rí i?"

"Màámi, ẹ wò ó, òun nìyẹn."

Kò gbé ojú sókè. Ojú ilẹ̀ ló ń wò. "Bí Bàbá ò bá tíì rí i, ìwọ náà ò tíì rí nǹkan kan."

Mo gbà pé òun náà rí i. Títí dòní mo gbà bẹ́ẹ̀. A jókòó títí ohun tí a kò rí náà fi wọ̀.

Òru ọjọ́ yẹn ni ẹkún ọmọ yí padà. Ó há, ó tín-ín-rín, kò dà bí ẹkún ènìyàn. Lójú kan náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí á dẹ̀, tí á tún le.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Bàbá rí i. Ó pàtẹ́wọ́, a pàtẹ́wọ́. Ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó rìn lọ síwájú gbogbo ènìyàn. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti wẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọge. Ó gbé ọmọ mi sókè, ó ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀.

"Wò ó, ó ń wò ọ́."

Ọmọ mi sì gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, tí ọrùn rẹ̀ kò yẹ kó lè gbé nǹkan kan. Ó na ọrùn sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja sí òkè ọ̀run, ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ké.

"Ó ń wò ó!"

"Yéè! Ó ń wò ó! Ẹ wo ọrùn rẹ̀!"

Wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà dìde. Obìnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Wọ́n ń gbá mi mọ́ra, wọ́n ń fọwọ́ kan ikùn mi tó gbé e. Ìyá ọkọ mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé e sókè síbẹ̀, ọmọ sì tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó le bí igi. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó mọ ẹni tó ń wò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó dí mi lọ́wọ́. Àfihàn ti parí, òfin ti tú. Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sin mi dé ibùdókọ̀, ó ní kí n kí àna òun. Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Àkúrẹ́, mo ṣí ojú ọmọ mi, oòrùn sì ń tàn sí i bó ṣe wù ú.

Dókítà obìnrin kan ló gbà á. Wọ́n gbé e sábẹ́ iná búlúù yẹn, wọ́n fi nǹkan bò ó lójú, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò gbóná. Mo ti ọwọ́ mi bọ ibẹ̀, mo fẹ́ mọ̀. Kò gbóná rárá.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ó pọ́n?" ni dókítà bi mí.

"Àná," ni mo wí.

Ó wò mí. Ìyá mi náà wò mí. Dókítà kò jà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti gbé e kúrò lábẹ́ iná, tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí, ó pè mí jókòó. Ó ní ibà náà ti gun orí kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, ibi tó sì bà jẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn tó ń tún un ṣe. Ó ní ó ṣeé ṣe kí etí rẹ̀ má gbọ́ràn, ó ṣeé ṣe kó má jókòó, kó má rìn. "Bó bá jẹ́ pé ẹ tètè gbé e wá ni," ó ní, ó sì gé e síbẹ̀.

Gbogbo ohun tí dókítà ní ó ṣeé ṣe ló ṣẹ.

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé, a jọ ń ránṣọ, ọmọ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò gbọ́ ariwo rẹ̀. Bí a bá wọ kẹ̀kẹ́, ẹni tó jókòó tì wá á fa ẹsẹ̀ mọ́ra. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún ìdáǹdè, obìnrin kan tí mo mọ̀ láti kékeré bi mí láìfi bò pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ènìyàn lo bí?" Ìyá mi fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gún un. Ọkọ mi ń fi iṣu ránṣẹ́ láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó wá ní ìgbà mẹ́ta, kò sí èyí tó sùn mọ́jú nínú rẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún ìyá mi tán ni pé mo ṣì ń gbé e lọ sí Oǹdó. Mo máa ń ní mo lọ wo ìyá ọkọ mi tí ara rẹ̀ kò yá. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń sáré pàdé ọmọ mi. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tán. Wọ́n á fi òróró pa á lára, wọ́n á máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, apá mi á sinmi. Bó bá na ọrùn sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ó ń wá a. Ọ̀sán ni o, ọmọ, ó ń sùn." Kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí ẹnikẹ́ni ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bí i. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe dà. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú nǹkan báyìí ṣe.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ìyàwó tuntun kan wà nínú agbo ilé, aboyún, kò ju ogún ọdún lọ. Ó jókòó tì mí, ó ń fi ìka rẹ̀ pa àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mi.

"Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ló jẹ́ tó fi gbé ojú sókè wò ó?"

Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Gbọ́," ni mo wí, mo sì jẹ́ kí ohùn mi dé ẹnu ọ̀nà. "Kò wo nǹkan kan. Ibà ló ká a ní ọrùn. Bí o bá bí tìẹ, tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, má dúró de ẹnikẹ́ni. Má dúró de Bàbá, má dúró de Màámi. Gbé e, kí o sáré lọ sí Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá ní iná ni, jẹ́ kó jẹ́ iná. Ulé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba, màá ṣílẹ̀kùn fún ẹ."

Èdè Àkúrẹ́ ti bọ́ lẹ́nu mi láìrò ó, mo pe ilé ní ulé. Ọmọbìnrin náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ó wò mí dáadáa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó dàgbà ju òun lọ tó ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí tèmi náà rí i ni?"

Ó dìde, ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ ikùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ mi kọjá jáde. Ìyá ọkọ mi kò gbé ojú sókè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí ẹ̀wà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú abọ́, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ìgbà oúnjẹ ọmọ mi ti tó. Mo gbé e lé itan, mo fi apá òsì di ọrùn rẹ̀ mú kó má baà lọ sẹ́yìn, mo bu ògì sí ṣíbí. Ó máa ń gba wákàtí kan gbáko kó tó tán.